Ọ̀rọ̀ Ìyànjú Lójú Òpó Ìjọ: Ta Ló Sọ Ọ́, Ibo Ló Ti Sọ Ọ́?

Àwọn lẹ́tà tí a mú sójú ìwé yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra tán. Àwọn tó ń bójú tó Facebook, Instagram àti WhatsApp ìjọ Kátólíìkì ló kọ wọ́n, ọ̀rọ̀ ìyànjú tí wọ́n ń tẹ̀ sára àwòrán tí wọ́n sì ń gbé síta ló sì fa gbogbo ìbéèrè náà.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Mo gbé ọ̀rọ̀ kan sí Facebook ìjọ wa: "Ẹ máa wàásù Ìhìn Rere nígbà gbogbo, bó bá pọn dandan, ẹ lo ọ̀rọ̀ ẹnu." Mo kọ Francis Mímọ́ ti Assisi sábẹ́ rẹ̀. Ẹnìkan wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé Francis kò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn ẹgbẹ́ mi ní kí n má dá a lóhùn, pé ọ̀rọ̀ náà ṣáà dára. Kí ni kí n ṣe? (Ọmọ ẹgbẹ́ ọ̀dọ́)

Ẹni tó kọ̀wé síbẹ̀ ló jàre. Gbólóhùn náà kò sí nínú ohun tí Francis fúnra rẹ̀ kọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nínú ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ tí àwọn tó bá a láyé kọ. Èyí tó fara jọ ọ́ jù wà nínú Òfin tó ṣe fún àwọn arákùnrin rẹ̀ ní 1221. Ní orí 17, ó ní kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má wàásù lòdì sí ìlànà Ìjọ, kò sì gbọdọ̀ wàásù láìgba àṣẹ, àmọ́ kí gbogbo wọn máa fi ìṣe wọn wàásù. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn kúrú tó fún àwòrán, ó sì ní orí ìwé tí ẹ lè tọ́ka sí. Òun ni kí ẹ fi rọ́pò.

Àdúrà "Olúwa, fi mí ṣe ohun èlò àlàáfíà rẹ" náà ń kọ́? Ibi tí a ti kọ́kọ́ rí i lórí ìwé ni La Clochette, ìwé ìròyìn kékeré kan ní Paris, ní 1912, kò sì sí orúkọ ẹni tó kọ ọ́ níbẹ̀. Francis ti kú láti 1226. Àdúrà náà kò torí ìyẹn burú; ẹ kàn kọ "àdúrà tí a mọ̀ mọ́ Francis Mímọ́" sábẹ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa rí yín mú.

Francis nìkan kọ́ ló ń ru ẹrù ọ̀rọ̀ tí kò sọ. "Kristi kò ní ara mọ́ láyé bí kò ṣe tiyín" tí wọ́n ń fún Teresa Mímọ́ ti Avila kò sí nínú àwọn ìwé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ gígùn nì tó ní kí èèyàn ṣáà máa ṣe rere bí ayé tilẹ̀ gbàgbé rẹ̀, tí wọ́n ń kọ orúkọ Teresa Mímọ́ ti Kolkata sí, Kent M. Keith ará Amẹ́ríkà ló tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1968 nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri ilé àwọn ọmọdé tí Teresa dá sílẹ̀ ní Kolkata, bí orúkọ ṣe yí padà nìyẹn. Ti Catherine Mímọ́ ti Siena yàtọ̀ díẹ̀, nítorí òótọ́ wà nídìí rẹ̀. Èyí tó gbajúmọ̀ sọ pé bí o bá jẹ́ ẹni tí Ọlọ́run fẹ́ kí o jẹ́, wàá tiná ran ayé. Ohun tí Catherine kọ nínú Lẹ́tà 368 ni pé bí ẹ bá jẹ́ ohun tó yẹ kí ẹ jẹ́, ẹ ó tiná ran gbogbo Ítálì. Lójú tiwa, ti Ítálì yẹn dùn ju ti ayé lọ, nítorí ó fi hàn pé èèyàn kan pàtó, ní ibì kan pàtó, ló ń bá sọ̀rọ̀.

Bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ kò le. Ẹnìkan á fi gbólóhùn kan ṣàkópọ̀ ẹ̀kọ́ ẹni mímọ́, ẹlòmíràn á fi àmì àyọlò sí i, àwọn ojúlé tó ń kó ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n jọ á sì máa dà á kọ lára ara wọn. Bí ẹ bá rí i ní ojúlé ọgọ́rùn-ún, ó lè jẹ́ ojúlé kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ti jí i kọ.

Torí náà, kí ẹ tó ṣí ẹ̀rọ tí ẹ fi ń ya àwòrán, ẹ fi àmì àyọlò yí gbólóhùn náà ká, kí ẹ wá a lórí Google pẹ̀lú orúkọ ẹni mímọ́ náà. Orúkọ ìwé, orí àti ẹsẹ ni ẹ ń wá, kì í ṣe àwòrán mìíràn tó gbé ọ̀rọ̀ kan náà. Bí ẹ bá rí orúkọ ìwé, ẹ ṣí ìwé náà gan-an. Ọ̀rọ̀ àwọn póòpù àti ti Ìgbìmọ̀ Vatican wà ní vatican.va, ìwé àwọn Bàbá Ìjọ (àwọn olùkọ́ Ìjọ ìgbà ìjímìjí) pọ̀ ní newadvent.org, àkọsílẹ̀ ìsàlẹ̀ ìwé nínú Katekísímù Ìjọ Kátólíìkì náà sì jẹ́ ibi ìṣúra, nítorí wọ́n ti bá yín tọ́ka sí orísun tán. Lẹ́yìn náà, ẹ ka ìpínrọ̀ tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e. Irenaeus Mímọ́ ni àpẹẹrẹ tó yẹ kí ẹ rántí níbí. "Ògo Ọlọ́run ni ènìyàn tó wà láàyè" ni gbogbo ayé ń pín, ṣùgbọ́n gbólóhùn náà kò parí síbẹ̀. Ó tẹ̀ síwájú pé ìyè ènìyàn sì ni láti rí Ọlọ́run (Adversus Haereses, ìwé 4, orí 20, ẹsẹ 7). Ẹni tó bá gé e sí méjì ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ afẹ́ ayé.

Bí ogún ìṣẹ́jú bá kọjá tí ẹ kò rí orísun, ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ mú òmíràn. Ẹ má sì béèrè lọ́wọ́ àwọn ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè kí ẹ fi ìdáhùn rẹ̀ ṣe ẹ̀rí. Wọ́n lè fún yín ní orúkọ ìwé, orí àti ẹsẹ tí kò sí níbì kankan. Orísun tí ẹ fojú ara yín rí ni kí ẹ kọ.

Ní ti èyí tó ti jáde, ẹ má yọ ọ́ ní ìkọ̀kọ̀. Ẹ tún ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán kọ, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni náà níbẹ̀, kí ẹ gbé àwòrán tuntun síta. Instagram kì í jẹ́ kí a pààrọ̀ àwòrán tó ti jáde, ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ nìkan ló ṣe é tún ṣe. Ìdí nìyẹn tó fi dára kí orísun wà níbi méjèèjì, lára àwòrán àti lábẹ́ rẹ̀.

Nítorí irú wàhálà yìí, a ti fi ọ̀rọ̀ àwọn ẹni mímọ́ sílẹ̀. Ẹsẹ Bíbélì nìkan la ń lò báyìí. Ṣé ọkàn wa lè balẹ̀? (Akọ̀wé ìjọ)

Kò tíì yẹ kó balẹ̀. Inú Bíbélì ni "Gbogbo nǹkan wọ̀nyí ni èmi yóò fi fún ọ" ti wá, Mátíù 4:9. Ẹ wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Èṣù ni. A ti rí i lára àwòrán pẹ̀lú òdòdó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù láàárín wa wá láti inú ìwé Jóòbù. Jóòbù 22:28, pé ohun tí o bá pinnu yóò fìdí múlẹ̀ fún ọ, Élífásì ló sọ ọ́. Jóòbù 8:7, pé bí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ tilẹ̀ kéré, ìgbẹ̀yìn rẹ yóò pọ̀ gidigidi, Bílídádì ló sọ ọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù ni àwọn méjèèjì, ní Jóòbù 42:7, Olúwa sì bínú sí wọn pé wọn kò sọ ohun tó tọ́ nípa òun. Èyí kò sọ gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu wọn di irọ́ o: Pọ́ọ̀lù fa ọ̀rọ̀ Élífásì yọ nínú 1 Kọ́ríńtì 3:19, láti Jóòbù 5:13. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ síta bí ìlérí láti ẹnu Ọlọ́run ti ṣi àwọn òǹkàwé lọ́nà. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́ sí i.

Jeremáyà 29:11 kò ní irú ìṣòro yẹn, Olúwa fúnra rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Ohun tí àwọn èèyàn ń gé kúrò ni ẹsẹ 10, pé ó di ìgbà tí àádọ́rin ọdún bá pé ní Bábílónì kí ìdáǹdè tó dé. Àwọn tó wà ní ìgbèkùn ni Jeremáyà kọ lẹ́tà tí ẹsẹ yìí wà nínú rẹ̀ sí. Ẹ fi ẹsẹ 11 sára àwòrán, kí ẹ fi ẹsẹ 10 sí 14 sábẹ́ rẹ̀; ẹni tó ti ń dúró pẹ́ lórí àdúrà yóò rí oúnjẹ jẹ nínú èyí ju ìlérí ojú ẹsẹ̀ lọ.

Àwọn kéékèèké tó kù: kò sí ibì kankan nínú Bíbélì tó sọ pé ẹni tó bá ran ara rẹ̀ lọ́wọ́ ni Ọlọ́run ń ràn lọ́wọ́. Owó kọ́ ni 1 Tímótì 6:10 pè ní gbòǹgbò ibi gbogbo, ìfẹ́ owó ni. Bí ẹ bá sì fa ọ̀rọ̀ yọ láti inú Tóbítì, Júdítì, Ọgbọ́n, Síráákì, Bárúkù tàbí Mákábì méjèèjì, ẹ rántí pé Bíbélì tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ aládùúgbò yín kò ní wọn. Ẹ kọ ẹsẹ náà jáde tán pátápátá, ẹ má sọ pé "ẹ lọ kà á". Ti Sáàmù náà ń da àwọn èèyàn rú. Nínú àwọn Bíbélì Kátólíìkì àtijọ́ tó tẹ̀ lé ti Látìn, Sáàmù 23 tí gbogbo wa mọ̀ ni wọ́n kà sí 22, 51 sì ni 50. Láti Sáàmù 10 sí 147 ni ìyàtọ̀ yìí wà. Ẹ mú ètò nọ́ńbà kan, kí ẹ dúró lé e.

Bí mo bá tẹ ọ̀rọ̀ Yorùbá sínú àwòrán, àmì ohùn máa ń fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà, nígbà mìíràn ó máa ń di àpótí òfìfo. Mo ti fẹ́ máa kọ ọ́ láìfi àmì sí i.

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Irú lẹ́tà (font) tí ẹ yàn ló fà á. Nínú ìṣirò tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, ẹ àti ọ olójú ìsàlẹ̀ ní nọ́ńbà tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ́ tàbí ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Lẹ́tà kan ni, àmì kan sì tẹ̀ lé e, irú lẹ́tà náà ló gbọ́dọ̀ mọ bí yóò ṣe gbé àmì lé e lórí. Àwọn lẹ́tà oníṣẹ̀ṣọ́, pàápàá àwọn tó jọ ìwé àfọwọ́kọ, kì í sábà mọ̀ ọ́n. Noto Sans, Noto Serif, Charis SIL àti Gentium mọ̀ ọ́n, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ tẹ "Ọ̀sẹ̀ Ẹ́ ẹ̀ṣẹ́ ọ́ ǹ ḿ" síbẹ̀. Bí ìkankan bá wó, ẹ pààrọ̀ lẹ́tà.

Ẹ jẹ́ kí àlàfo àárín ìlà tó ìlọ́po 1.4 tàbí 1.5 ìwọ̀n lẹ́tà, kí ojú ìsàlẹ̀ ìlà kìíní má bàa gbá àmì orí ìlà kejì. Lẹ́tà ńlá ńlá láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin kò dára fún Yorùbá, àmì á há mọ́ ara wọn.

Níwọ̀n bí a ti wà níbẹ̀: píksẹ́lì 1080 ní ìbú àti 1350 ní òró ló dára fún Facebook àti Instagram, 1080 àti 1920 fún Story àti Status. Nínú ti Story, ẹ fi nǹkan bí 250 sílẹ̀ lókè àti 340 nísàlẹ̀, nítorí orúkọ ojú òpó àti bọ́tìnnì ìdáhùn yóò bo ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ju ọgbọ̀n lọ ti pọ̀ jù fún àwòrán kan. Lẹ́tà funfun lórí ojú ọ̀run aláwọ̀ sánmà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù. Ìlànà fún àwọn tí ojú wọn kò ríran dáadáa ní kí ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ láàárín lẹ́tà àti ẹ̀yìn rẹ̀ tó 4.5 sí 1, ojúlé tó ń bá èèyàn wọ̀n ọ́n lọ́fẹ̀ẹ́ sì wà. Ẹ fi àwòrán náà pamọ́ bíi PNG, kì í ṣe JPEG, kí etí lẹ́tà má bàa ṣú. WhatsApp máa ń fún àwòrán pọ̀, torí náà ẹ yan HD tàbí kí ẹ fi ránṣẹ́ bí ìwé. Ẹ tún tẹ ọ̀rọ̀ náà sábẹ́ àwòrán, nítorí fóònù tó ń ka ọ̀rọ̀ sókè fún afọ́jú lè má rí èyí tó wà nínú àwòrán kà.

Ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀ ló yẹ ká máa gbé ọ̀rọ̀ síta? A ń ṣe mẹ́ta lójúmọ́, àwọn èèyàn ò kà á mọ́.

Mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́sẹ̀ tó. Ìjọ tó ń gbé mẹ́ta síta lójúmọ́ kò lè ráyè wá orísun ọ̀kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ sì ni irọ́ ti ń wọlé.

Ẹ jẹ́ kí Mísà ọjọ́ Ìsinmi jẹ́ òpó àárín. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni kí gbólóhùn kan láti inú Ìhìn Rere jáde, nítorí nínú ìsìn, ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni ọjọ́ Ìsinmi ti ń bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀, ẹ mú ẹni mímọ́ tí àjọ̀dún rẹ̀ bọ́ sí ọ̀sẹ̀ náà. Ọjọ́ Ẹtì, ẹ fi sí ìrònúpìwàdà tàbí Ìjìyà Olúwa. Ordo, ìwé tó to ìsìn ojoojúmọ́ ọdún kan lẹ́sẹẹsẹ, tó wà ní yàrá ìmúra àlùfáà ni kí ẹ fi ṣètò, kì í ṣe kàlẹ́ńdà orí fóònù. Kíkà ọjọ́ Ìsinmi ń yí ní ọdún A, B àti C. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní Ádífẹ́ńtì 2025 jẹ́ A, B yóò sì bẹ̀rẹ̀ ní 29 Oṣù Kọkànlá 2026. Àwòrán tí ẹ ṣe lọ́dún tó kọjá kò ní bá kíkà ọdún yìí mu.

Àwọn ibi tí a ti ń kọsẹ̀: láti Ọjọ́rú Eérú títí di Ìṣọ́ Òru Àjíǹde, a kì í lo "Alelúyà" nínú ìsìn, ó sì máa ń ṣe èèyàn ní kàyéfì bó bá rí i lójú òpó ìjọ ní ọ̀sẹ̀ kẹta Lẹ́ńtì. Àádọ́ta ọjọ́ ni àsìkò Àjíǹde, títí di Pẹ́ńtíkọ́sì, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ojú òpó ti pa ẹnu mọ́ ní ọjọ́ Ajé Àjíǹde. Àjọ̀dún náà lè ṣí nípò: ní 2024, 25 Oṣù Kẹta bọ́ sí ọ̀sẹ̀ Mímọ́, wọ́n sì sún Ìkéde fún Màríà sí 8 Oṣù Kẹrin. Ẹni tó bá fi ẹ̀rọ ṣètò ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn láìwo Ordo yóò gbé ayọ̀ síta lọ́jọ́ ọ̀fọ̀.

Ẹnìkan fi àdúrà ránṣẹ́ sí WhatsApp ìjọ pé ká fi ránṣẹ́ sí èèyàn mẹ́wàá kí ìyanu tó ṣẹlẹ̀. Ṣé ká pín in?

Rárá. Katekísímù, nọ́ńbà 2111, pè é ní ìgbàgbọ́ asán bí èèyàn bá gbé agbára àdúrà lé ohun tó kàn ń ṣe lóde ara. Ẹ kọ̀wé sí ẹni náà ní ìkọ̀kọ̀, ẹ má bá a wí lójú gbogbo ẹgbẹ́. Bí ó bá ní ìran tàbí ìṣípayá kan nínú, ẹ dúró de ohun tí bíṣọ́ọ̀bù bá sọ.

Ṣé a nílò àṣẹ láti lo ọ̀rọ̀ póòpù, ẹsẹ Bíbélì àti àwòrán orí íntánẹ́ẹ̀tì?

Gbólóhùn kan tàbí méjì láti inú ọ̀rọ̀ póòpù, pẹ̀lú orúkọ ìwé, nọ́ńbà ìpínrọ̀ àti ọjọ́, kì í dá wàhálà sílẹ̀. Libreria Editrice Vaticana, ilé ìtẹ̀wé Vatican, ló ni ẹ̀tọ́ lórí àwọn ìwé náà. Bí ẹ bá fẹ́ kó odindi ọ̀rọ̀ sínú ìwé tàbí kàlẹ́ńdà tí ẹ ó tà, ẹ gba àṣẹ. Bí ẹ bá túmọ̀ rẹ̀ fúnra yín, ẹ kọ "ìtumọ̀ tiwa" síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé Vatican ló gbé Yorùbá náà jáde. Ọ̀pọ̀ Bíbélì tí wọ́n túmọ̀ láìpẹ́ yìí ní olówó, ẹ ka ojú ìwé àkọ́kọ́ wọn. Douay-Rheims àtijọ́, Bíbélì Kátólíìkì ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ti di ti gbogbo ayé.

Àwòrán ni ibi tó léwu jù. Pé ó jáde lórí Google kò sọ ọ́ di ọ̀fẹ́. Wikimedia Commons máa ń kọ irú àṣẹ tó wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ àwọn ayàwòrán àtijọ́ sì pọ̀ níbẹ̀. Àwòrán tí ẹ̀rọ yà, ẹ ka ìka ọwọ́ rẹ̀ kí ẹ tó gbé e jáde.

A ń gbé ọ̀rọ̀ Carlo Acutis, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ítálì nì, síta, ẹnìkan ní "Alábùkún" ni ká kọ, ẹlòmíràn ní "Mímọ́".

Mímọ́ ni báyìí. Ó di Alábùkún ní 10 Oṣù Kẹwàá 2020 ní Assisi, Póòpù Leo XIV sì kà á mọ́ àwọn ẹni mímọ́ ní 7 Oṣù Kẹsàn-án 2025. Àwòrán àtijọ́ tí ẹ fẹ́ tún lò ni kí ẹ yẹ̀ wò.

Ọmọ tó dá Facebook ìjọ sílẹ̀ ti kó lọ sí ìlú mìíràn, òun nìkan ló ní ọ̀rọ̀ ìwọlé. Ẹlòmíràn sì ti lo àwòrán Fadá láti máa tọrọ owó. (Kátíkíìsì)

Òfin Ìjọ, nọ́ńbà 532, ní Fadá páríìṣì ló ń dúró fún ìjọ nínú gbogbo ọ̀ràn tó jẹ mọ́ òfin. Torí náà, ohun tó ń jẹ́ orúkọ ìjọ kò lè jẹ́ ti ẹnìkan. Ẹ kàn sí ọmọ náà ní ohùn tútù kó fi Fadá àti ẹlòmíràn kan kún àwọn tó ní àṣẹ kíkún, kí òun tó jáde. Bí ó bá jẹ́ orúkọ ara ẹni ló fi ṣí i, kì í ṣe ojú òpó, ẹ kúkú dá òmíràn sílẹ̀: orúkọ ara ẹni kò lè gbà ju 5,000 ọ̀rẹ́ lọ, ẹ kò sì lè pín àṣẹ rẹ̀ láìpín ọ̀rọ̀ ìwọlé. Ímeèlì ìjọ ni kí ẹ fi ṣí tuntun, ẹni méjì tàbí mẹ́ta ní àṣẹ kíkún, ìdánilójú ìpele méjì wà lórí ti oníkálukú, kí kóòdù ìgbàpadà sì wà lórí ìwé nínú àpótí ọ́fíìsì. Ọjọ́ tí ẹnìkan bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni kí ẹ yọ ọ́.

Ní ti ayédèrú Fadá, kí ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ lo ibi ìfisùn tó wà lójú òpó náà láti sọ fún Facebook pé ẹnìkan ń díbọ́n. Ẹ kọ ìkìlọ̀ kan kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkè ojú òpó tòótọ́: Fadá kì í tọrọ owó nínú àpótí ìfiránṣẹ́, ohunkóhun tó bá jẹ mọ́ owó ìjọ, ẹnu pẹpẹ la ti ń kéde rẹ̀. Ẹ tún ka ìkìlọ̀ náà lẹ́yìn Mísà, nítorí àwọn àgbà tí wọ́n sábà máa ń lù ní jìbìtì lè má ṣí ojú òpó náà rárá.